Òkèlè Kò Bẹ̀rù Ọ̀dá: Omi, Oko àti Ọbẹ̀ Nílẹ̀ Yorùbá

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀dá àti oúnjẹ bá délẹ̀ ní Nàìjíríà, òkèlè ni gbogbo ènìyàn ń wò. Wọ́n á béèrè iye tí kóńgò gàrí dà, bóyá iṣu ta dáadáa, bóyá àgbàdo gbẹ lóko. Ìjọba náà kì í wo ibòmíràn: iye tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àti àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣírò bóyá orílẹ̀-èdè yó. Èrò tèmi ni pé ibi tí kò yẹ ni a kọjú sí. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti rí òkèlè tí kò bẹ̀rù ọ̀dá láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn ti ń bá wa jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe ń pinnu ohun tí orílẹ̀-èdè yìí ń jẹ àti ìlera tó ń rí níbẹ̀, ìtàn ọbẹ̀ ni kó lọ kà, kó fi ìtàn òkèlè ṣe àtìlẹ́yìn.

Ojú sánmà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ọdún kan ní Èkó lè ju 1,500 mìlímítà lọ. Ní Ìbàdàn, ó máa ń lé díẹ̀ ní 1,200. Bí a bá sì ti kọjá Ìsẹ́yìn lọ sí ọ̀nà Ṣakí àti Ìgbòho, ó tún ń dín kù. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í ka mìlímítà, oṣù ló ń kà. Nínú igbó, láti Ìjẹ̀bú dé Oǹdó, òjò ń le lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹnì kan lè kó àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lórí ilẹ̀ kan náà. Ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, àkọ́rọ̀ ń pẹ́ kó tó dé, àrọ̀kúrò ń tètè kọjá, ilẹ̀ á sì gbẹ fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Oúnjẹ àwọn ìlú wa tẹ̀lé ìlà òjò yìí ju bí a ti ń rò lọ. Iyán jókòó sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ilẹ̀ ti ń mu omi tó fún iṣu ńlá. Ìjẹ̀bú mú ewùrà, ó fi ṣe ìkòkorẹ́. Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn mú èlùbọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ àmàlà bí ẹni pé adùn ẹnu nìkan ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni: wọ́n á bó iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, wọ́n á sì sá a sínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ títí yóò fi gbẹ bí igi. Ọyẹ́ tó ń fa odò gbẹ náà ló ń fa èlùbọ́ gbẹ. Iṣu tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú àká kí òjò tó tún dé, èlùbọ́ á sì wà lókè àjà títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀dàn ti sọ ẹ̀ẹ̀rùn di irinṣẹ́.

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọbẹ̀ náà, èyí tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ kì í sábà kíyè sí. Ẹ wo ọbẹ̀ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń jẹ ọ̀kà: gbẹ̀gìrì jẹ́ ẹ̀wà gbígbẹ, orunlá jẹ́ ilá gbígbẹ tí wọ́n gún, lúrú jẹ́ ewé igi oṣè gbígbẹ tí wọ́n lọ̀. Irú tó ń ta sánsán nínú gbogbo wọn wá láti ara igi ọ̀dàn tí ń so nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó nílò kí òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ sè é. Ẹ wá fi wé ọbẹ̀ inú igbó, ẹ̀fọ́ yánrin, ewédú tútù, ìgbín, olú, àwọn nǹkan tí òjò ń hù tàbí tí òjò ń lé jáde. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kì í ṣe ti ìlú tó lajú àti èyí tí kò lajú. Àwọn ará ọ̀dàn mọ̀ pé oṣù márùn-ún ń bọ̀ tí ewé kò ní sí, wọ́n sì tọ́jú ọbẹ̀ pa mọ́ bí wọ́n ti tọ́jú òkèlè. Ní ti èròjà tí ń mú ara dàgbà, gbẹ̀gìrì tún borí: ẹ̀wà gbígbẹ ní ju ogún gíráàmù purotéènì lọ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, iye tí ewébẹ̀ tútù kankan kò lè bá a dé.

Ọ̀nà méjì mìíràn ni wọ́n fi ń gba ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Ọdẹ ni àkọ́kọ́: ìgbà tí koríko bá gbẹ ni wọ́n ń dáná sungbó tí wọ́n ń lé ẹran jáde, nítorí náà oṣù tí ẹ̀fọ́ wọ́n ni ẹran ìgbẹ́ ń pọ̀. Èkejì ni àkùrọ̀, oko etí odò àti ojú àbàtà, tí wọ́n ń dá nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn tí ilẹ̀ sì tutù síbẹ̀. Ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ata àti àgbàdo tó ń yọjú ṣáájú gbogbo àgbàdo ti ń wá. Àkùrọ̀ kì í tóbi. Kò sí ẹni tó ń fi iye àkùrọ̀ rẹ̀ yangàn bí wọ́n ti ń fi iye ebè yangàn, ó sì lè jẹ́ ìdí nìyí tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ oko fún ìjọba, nígbà amúnisìn àti lẹ́yìn rẹ̀, fi ń fojú fò ó. Síbẹ̀, bí a bá béèrè pé kí ló ń gbé ewé tútù sínú ọbẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, òun ni ìdáhùn.

Òkèlè ní tirẹ̀ ń yí padà. Iṣu jẹ́ oúnjẹ iyì, ṣùgbọ́n ó wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí mẹ́ta ìkórè ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ṣe èèbù, ìyẹn ni pé ó ń ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ kó tó lè rí oúnjẹ. Ó ní láti kọ ebè kí ilẹ̀ tó le, kó fi koríko bo orí rẹ̀ kí oòrùn má baà sè èèbù nínú ilẹ̀, kó wá máa wojú òjò. Bí àkọ́rọ̀ bá tàn án jẹ, tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó sì dáwọ́ dúró, ó lè pàdánù irè àti èèbù pa pọ̀. Ilẹ̀ tó ti sinmi fún ọdún púpọ̀ ni iṣu ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀: ọ̀wẹ̀, àárọ̀, àwọn ọmọkùnrin ilé, nígbà mìíràn ìwọ̀fà. Ẹ̀gẹ́ kò béèrè ohun tó tó bẹ́ẹ̀. Igi rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, igi náà kì í sì ṣe oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń hù lórí ilẹ̀ tó ti gbó. Bí ọ̀dá bá dé, ó lè wọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ kó dúró, tí òjò bá tún dé kó tún rúwé. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ni àká rẹ̀: a lè fi í síbẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, kí a máa tu ún bí àìní bá ti ń dé.

Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀nyí, ó pẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tó rí àyè. Àwọn Potogí ti ń kó o wá láti Bràsíl sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n oró inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, àwọn tó mọ bí a ti ń yọ ọ́ kò sì tíì dé. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n dé. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí, ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ní Bahia ní Bràsíl ní oṣù kìíní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ Áfíríkà jáde, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà padà wá sí Ajúdà, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Bahia tí wọ́n ti wá, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ yíyan ni oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Wọ́n mọ bí a ti ń rin ín, bí a ti ń fún omi rẹ̀, bí a ti ń yan án. Ogun abẹ́lé ń jà nílẹ̀ Yorùbá lákòókò náà, láti ìṣubú Ọ̀yọ́ àtijọ́ títí dé Kírìjì tó parí ní 1893. Ọmọ ogun lè sun àká iṣu láàárín wákàtí kan. Kò rọrùn fún un láti wú oko ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ni kòkó dé, ó gba igbó tó dára jù, ó sì gba àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ì bá kọ ebè. Ní Ìsàlẹ̀ Ọya, láàárín àwọn Ígbò, òpìtàn Don Ohadike ti fi hàn pé àjàkálẹ̀ fúlúù ọdún 1918, tó pa àwọn tó wà ní ìgbà agbára wọn, wà lára ohun tó sọ ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ gbogbo ilé, torí pé kò sí ọwọ́ tó kù fún iṣu.

Láti ibẹ̀, gàrí kò wẹ̀yìn mọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì kó ènìyàn lọ sí ìlú ní àwọn ọdún 1970, búrẹ́dì àti ìrẹsì òkèèrè gba ìgboro. Nígbà tí ìjọba fòfin de ìrẹsì àti àlìkámà láàárín 1985 sí 1987, tí Náírà sì wó pẹ̀lú SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, gàrí ló kó gbogbo ènìyàn yọ. IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ti mú irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn ewé kò lè tètè mú jáde nígbà náà. Kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run káàkiri Áfíríkà. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá agbọ́n kékeré kan rí ní Paraguay ní 1981, agbọ́n náà sì ṣẹ́gun rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990, Nàìjíríà ti di olórí agbẹ̀gẹ́ lágbàáyé, ipò yẹn ló sì wà títí di òní, pẹ̀lú nǹkan bí 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Iṣẹ́ ribiribi ni, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tí omi ìbomirin kò dé ibi méjì nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ oko rẹ̀ rí òkèlè tí kò fẹ́ omi.

Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú òkèlè náà? Ọgọ́rùn-ún gíráàmù gàrí kò ní ju gíráàmù kan tàbí méjì purotéènì lọ, nígbà tí ọkà bàbà tí àwọn baba ńlá ọ̀dàn ń rò ní tó mẹ́wàá. Ẹ̀gẹ́ ń fi agbára fún ara, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Níbi tí ọbẹ̀ bá ti ṣàìdé, ewu ńlá ni. Ní 1981, ọ̀dá mú agbègbè Nampula ní Mòsáńbíìkì. Ẹ̀gẹ́ ni nǹkan tó kù lóko, ọ̀dá sì ti mú oró rẹ̀ pọ̀ sí i. Ebi kò jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbẹ tó bó ti yẹ, ẹ̀wà àti ẹja kò sì sí. Ẹsẹ̀ àwọn tó lé ní 1,000 ènìyàn, obìnrin àti ọmọdé jùlọ, rọ láìpadà sípò mọ́. Purotéènì inú ọbẹ̀ ni ara ń lò láti pa oró yẹn. Nílé níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ti tọpa àrùn iṣan kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní òpin àwọn ọdún 1960, èyí tí ń mú kí ẹsẹ̀ ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kí ojú sì ṣókùnkùn, ó sì so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ẹni tó bá ka ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ọdún 2018 dáadáa lè dá mi lóhùn gidi níhìn-ín. Ìwádìí náà rí i pé ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni gíga wọn kò bá ọjọ́ orí mu. Ní Ìlà-Oòrùn Gúúsù, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti jọba, 18 péré ni. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà bàbà àti jéró tí purotéènì pọ̀ nínú wọn, 57 ni. Tó bá jẹ́ pé òkèlè ẹ̀gẹ́ ló ń pa ọmọ lára, ó yẹ kí ìṣírò yìí dojú rú. Mo gbà. Àtakò yìí fìdí èrò mi múlẹ̀ gan-an ni. Àríwá jìnnà sí òkun, òjò rẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́rin lọ ní ibi púpọ̀, ìkórè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ ilé ní fún ọdún kan. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù keje, nígbà tí iṣẹ́ oko le jù, àká ti ṣófo, ẹni tó ta ẹ̀wà rẹ̀ ní pọ̀ọ́kú lẹ́yìn ìkórè ló ń rà á padà lówó gọbọi. Purotéènì inú ọkà kò lè kúnjú àìsí ọbẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún. Ní Ìlà-Oòrùn Gúúsù, òjò ń pẹ́, epo pupa ń wà, ẹ̀fọ́ ń hù ní ọ̀pọ̀ oṣù, ẹja ń gòkè láti etíkun, àwọn ìyá tó kàwé sì pọ̀ sí i. Òkèlè ibẹ̀ kò ní èròjà púpọ̀ nínú. Ọbẹ̀ ibẹ̀ ló gbà á là.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ: wọ́n á ní owó ni, kì í ṣe omi. Ẹ̀pẹ́ tí Ọ̀ṣúntókun lọ, ọ̀sà wà níwájú ilé wọn, òjò kò sì wọ́n wọn. Bí tálákà ibẹ̀ bá ń fi gàrí nìkan panu, ṣé omi ló ṣẹ̀? Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè ya omi kúrò lára owó pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí òjò nìkan ń bomi rin, òṣì àgbẹ̀ ní oṣù tirẹ̀. Ìgbà òjò ni ewébẹ̀ ń pọ̀ débi pé kò lówó lórí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni owó rẹ̀ ń gòkè, ẹni tó sì ní omi nìkan ló ń rí owó náà gbà. Ẹni tí kò ní omi pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan tà, kò sì lè rà. Ìwádìí 2018 kan náà rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ọmọdé 68 nínú 100 àti obìnrin 58 nínú 100. Ibà dá kún un, dájúdájú. Ṣùgbọ́n èròjà tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, inú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ewé ni a ti ń rí i, kò sí gàrí tó lè fún wa.

Níbo ni ọbẹ̀ ìlú Yorùbá ti ń wá báyìí? Orunlá àti lúrú ti di oúnjẹ àwọn àgbà lójú ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro. Ọbẹ̀ ata tútù ló gbòde, tòmátò, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà. Tòmátò àti àlùbọ́sà kò fẹ́ràn ọ̀rinrin ìhà wa. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀, Àríwá ló sì ní irú ilẹ̀ yẹn, nípàtàkì láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù Tiga ní Kánò ní 1974 tí ìbomirin odò Kánò sì gbilẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ń fi wọ ọjà Mile 12 ní Èkó lóru. Nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátò ní Kàdúná àti Kánò run ní 2016, Èkó ni ìyàwó ilé ti ń ṣírò ẹyọ tòmátò. Ní 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn nínú oṣù kejì, àwọn oníṣòwò Àríwá dá oúnjẹ dúró, wọn kò fi ránṣẹ́ sí Gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan. Àlùbọ́sà, ata, ẹ̀wà àti màlúù ló dá ariwo sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo gàrí. Ẹja gbígbẹ náà ń bọ̀ láti Baga ní etí Adágún Chad nígbà kan rí, adágún tó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú-lóròó ní 1963 tó sì ti súnkì sí ìsàlẹ̀ 2,000 láàárín àwọn ọdún 1980. Ọ̀dá Borno di ọ̀wọ́n ẹja nínú ìkòkò Òṣogbo.

Kì í ṣe pé àwa kò sé omi tiwa. Ìjọba dá àwọn àjọ agbami odò sílẹ̀ ní 1976, Ògùn-Ọ̀ṣun wà lára wọn, wọ́n sì sé odò Ọ̀yán ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, adágún tó lè gba omi 270 mílíọ̀nù mítà oníhà mẹ́ta. Abẹ́òkúta àti Èkó ń mu nínú rẹ̀. Oko tí wọ́n ní yóò bomi rin kò tíì ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí, àwọn abúlé etí rẹ̀ sì di ibi tí àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ ti gbilẹ̀ lára àwọn ọmọdé. Èmi kò rí i bí àṣìṣe pé ìlú mu omi. Ohun tó burú ni pé àkùrọ̀ etí odò ni omi dáàmù bò, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan tó sọnù. Àwọn onímọ̀ irúgbìn ní ìdáhùn tiwọn: láti 2011 ni ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ òféèfèé tó ní fítámì A ti jáde ní Nàìjíríà, kí òkèlè lè gbé ohun tí ọbẹ̀ kò gbé mọ́. Ó dára, ẹni tí kò ní ẹ̀fọ́ yóò jèrè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń po gàrí mọ́ epo pupa ti ń rí fítámì A yẹn tipẹ́, ẹ̀gẹ́ òféèfèé kò sì fi purotéènì tàbí èròjà ẹ̀jẹ̀ kún un. A tún fẹ́ kí òkèlè ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àkùrọ̀ kò sì tíì kú tán. Ní Èkó àti Ìbàdàn, a ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, lábẹ́ wáyà iná ńlá, ní ojú ẹrẹ̀ tí ilé kò tíì dé: ewédú, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń fi korobá bu omi wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ewé tó tutù jù tí ìlú ń rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn ń ti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí wá, omi tí wọ́n sì ń lò nígbà mìíràn kò yẹ kó kan oúnjẹ. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé lórí ilẹ̀ náà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ilẹ̀ ẹrẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ́ ilé ń fi yanrìn kún ṣáájú, torí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ mọ iye ọbẹ̀ tí yóò kù fún un nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún mẹ́wàá sí i, kí ó kọ́kọ́ ka iye ilẹ̀ àkùrọ̀ tó fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi yanrìn dí.